Ọ̀kan Ṣì Wà Lọ́wọ́ Mi

Káàdì àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà kì bọ ẹ̀rọ ìsanwó, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa èkejì yọ. Ẹ̀rọ kọ ìyẹn náà. Nígbà tí ẹ̀kẹta tún kọ̀, àwọn oníbàárà tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, irú ikọ́ tí òtútù kọ́ ló fà á. Ó fa ẹ̀kẹrin yọ. Ẹ̀rọ náà rò ó títí, ó sì gbà.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aláwò nítorí pé awò ojú ló ń ṣe, fi aṣọ rírọ̀ nu awò tí ọmọbìnrin náà wá gbà fún bàbá rẹ̀, ó rọra tẹ́ ẹ sínú páálí rẹ̀.

"Ẹ má bínú o," ó ní. "Ẹ̀rọ wa yìí lágídí. Látàárọ̀ ló ti ń dààmú àwọn èèyàn."

Irọ́ ni. Ẹ̀rọ náà kò dààmú ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ojú ọmọbìnrin náà ni àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ṣe sanwó wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ó gba awò, ó dúpẹ́, ó jáde, ìtìjú sì bò ó dé ẹ̀yìn ọrùn. Ṣùgbọ́n bó ti ń rìn lọ, nǹkan mìíràn tún ń bá a rìn. Ọkùnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí ti gba ẹ̀bi lórí rẹ̀ bí ẹni gba ẹrù lórí aláboyún. Ohun tó dùn mọ́ni ni. Kò sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti gba ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún dákẹ́ kí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Kọ́tìnnì rírán ni iṣẹ́ ọmọbìnrin yìí. Bí ó bá wọ ilé èèyàn, fèrèsé ló kọ́kọ́ ń kí kó tó kí onílé. Oníkọ́tìnnì ni wọ́n ń pè é níta. Nínú ilé, Àǹtí, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ti sọ ọ́ ní Afúnnimárègún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dì. Òun ló ra àga ńlá onítìmùtìmù fún bàbá rẹ̀, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣubú tí ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dìde. Òun ló ra fóònù tí Àǹtí fi ń da gbogbo ẹbí láàmú. Gbogbo wọn gbà pé kọ́tìnnì ń mówó wọlé, ó sì ń mówó wọlé lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú owó tó ń ra àga bẹ́ẹ̀.

Káàdì àwìn ló ra àga. Èyí àkọ́kọ́ tó gbà, ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi rà, ìyẹn kò sì burú, nítorí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ san owó ara rẹ̀. Èkejì ló ra àga àti fóònù. Ó gba ẹ̀kẹta kí ó lè fi san ti èkejì, ó sì gba ẹ̀kẹrin nítorí ẹ̀kẹta. Àwọn báńkì ń fi ìkíni ránṣẹ́ sí i, wọ́n ń pè é ní oníbàárà wọn pàtàkì. Ẹni tó bá rí bí wọ́n ṣe ń kí i, yóò rò pé nǹkan ń ṣẹnuure fún un.

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Tíṣà ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ wọn ṣì wà ní iléèwé, òun nìkan ló sì tọ́ ọ dàgbà, láìra nǹkan kan láwìn. Ohun tí ó fi ń yangàn ju ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ nìyẹn.

"Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn mi rí pé mo jẹ òun lówó," á ní bẹ́ẹ̀, á wá fẹ̀yìn ti àga onítìmùtìmù, á na ẹsẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á sì sáré wọ ilé ìdáná, bí ẹni tí omi rẹ̀ ń hó.

Aláwò ló wá a kàn. Ó ní oòrùn ń wọ ṣọ́ọ̀bù òun, òun fẹ́ kọ́tìnnì. Oníkọ́tìnnì gbé tẹ́ẹ̀pù dé ibẹ̀, ó wọn fèrèsé lóròó àti níbùú, ó wá wo ìta.

"Ògiri ilé kejì ni fèrèsé yín kọjú sí," ó ní. "Oòrùn ò lè dé ibí yìí láé."

"Mo mọ̀."

"Kí wá ni kọ́tìnnì fẹ́ ṣe?"

Aláwò tún awò ojú ara rẹ̀ tò, bẹ́ẹ̀ kò yẹ̀. "Mo ń rò ó pé bóyá ẹ máa nílò láti wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i."

Oníkọ́tìnnì rẹ́rìn-ín títí tẹ́ẹ̀pù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́tìnnì tó yẹ kó parí láàárín ọ̀sẹ̀, oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, wọ́n ṣì ń wọn fèrèsé. "Ẹ" di "o" láàárín wọn. Nígbà tí kọ́tìnnì máa fi gorí irin, Àǹtí ti gbọ́, ó sì ti fi ara rẹ̀ ṣe alárinà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó mú Aláwò wá sọ́dọ̀ Tíṣà. Tíṣà fi ọ̀rọ̀ gbo ó síwá, ó gbo ó sẹ́yìn, ó ní ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà jiyàn láìborí àgbà. Ó kù kí wọ́n mú ọjọ́.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba Oníkọ́tìnnì. Wọ́n fẹ́ jọ kọ́lé, òun sì ń gbé ihò wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ó ń rán kọ́tìnnì tó nípọn fún oníbàárà, ó pe Aláwò, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó tú ohùn rẹ̀ síta kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè, ó sì sọ ọ̀rọ̀ káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà fún un.

"Mo mọ̀," ni Aláwò wí. "Ṣé kì í ṣe ojú mi ló ṣe?"

"Mélòó ló yẹ kéèyàn ní gan-an? Mo fẹ́ mú méjì dání. Tí ọ̀kan bá ṣàìsàn, èkejì á dìde."

"Àìsàn yẹn ló máa ran èkejì."

"Ó rọrùn fún ẹ láti sọ. Ìwọ ńkọ́, mélòó lo ti ní rí?"

 Aláwò kò fẹ́ kí ó máa rò pé òun nìkan ni òmùgọ̀ láyé, ló bá tú tirẹ̀ sílẹ̀.

"Mẹ́ta. Mẹ́ta pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ò mọ̀ nípa èkejì. Mò ń gbà lọ́wọ́ eléyìí, mo fi ń tu tọ̀hún lójú. Ojú mi rí màbo kí n tó bọ́. Méjì ti lọ. Ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè parọ́ fún ẹ, mi ò sì rò pé màá fi í sílẹ̀ torí pé a fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó máa ń ṣe mí lóore tí nǹkan bá le."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tíṣà kò mọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ sílípáàsì rẹ̀. "Mẹ́ta" ló kọ́kọ́ gbọ́. Nínú èdè wa, mẹ́ta ni mẹ́ta, ìbáà ṣe káàdì, ìbáà ṣe obìnrin.

"Pa nǹkan yẹn," ó ní.

Oníkọ́tìnnì pa fóònù. Ó kọ́kọ́ rò pé bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ káàdì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó jáde lẹ́nu Tíṣà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ta ni àwọn mẹ́ta?"

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò parí gbogbo rẹ̀: káàdì. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà kì í béèrè ìbéèrè kan kó má béèrè èkejì. Èkejì yóò jẹ́, kí ló kan ìwọ nínú káàdì? Ẹ̀kẹta yóò jẹ́, kí ló ra àga mi?

"Mo ní ta ni wọ́n? O ń bá a sọ ọ́, ó ń kà wọ́n fún ẹ bí ẹni ka ewúrẹ́. Ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò ní fi sílẹ̀. Ṣé etí mi ló ń dún ni?"

Ó wolẹ̀. Omijé dé, Tíṣà sì ka omijé náà sí ìdáhùn. Ó gbé ife kalẹ̀, ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

"Má sunkún mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ọkùnrin yẹn ò ní wọ ilé yìí mọ́."

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oníkọ́tìnnì mẹ́nu, ó métè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ló sì gba ọ̀ràn náà.

Àǹtí kò lè jókòó. Ó ní òun tí òun mú un wá ni òun máa lọ wádìí rẹ̀. Ó lọ, ó sì bọ̀ pẹ̀lú ojú tó le.

"Mo bi í pé ṣé òótọ́ ni pé ó ní mẹ́ta," ó sọ fún Oníkọ́tìnnì. "Ó wò mí títí. Ó ní kí ni ìwọ sọ sí i. Mo ní o ò sọ nǹkan kan, ẹkún lò ń sun. Ló bá bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Ó ní, 'Ẹ bá mi bẹ Bàbá.' Ìyẹn nìkan. Afúnnimárègún, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá mọ́ á jiyàn. Kò jiyàn. Jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀."

Oníkọ́tìnnì wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó mọ ohun tí Aláwò ṣe. Ó tún ti sọ pé ẹ̀rọ òun ló lágídí.

Ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ́tìnnì tí ó rán ṣì wà lójú fèrèsé tí oòrùn kì í dé.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún Àǹtí?"

"Kí n sọ pé káàdì ni, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá tìẹ kiri?" Inú kò bí i, ìyẹn ló tún burú jù. "Tìẹ ni. Èmi kọ́ ló yẹ kó tú u."

"Màá sọ fún wọn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ san díẹ̀ ńbẹ̀. Tó bá ti ku méjì, màá sọ. Méjì ò burú, èèyàn gidi náà lè ní méjì."

Aláwò gbé awò kan sókè sí iná, ó wò ó, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"O bi mí lọ́jọ́sí pé mélòó ló yẹ kéèyàn ní. Mi ò rí èsì gidi fún ẹ nígbà náà, ìtàn ara mi ni mo ń sọ. Mo ti rí i báyìí. Iye tó o bá lè kà lójú bàbá ẹ, iye yẹn ló tó."

"Ṣé o ò fẹ́ mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ. Mo lè gba ẹ̀bi ẹ níta, kò wúwo. Ṣùgbọ́n tó bá di pé mò ń gbà á nínú ilé tí àwa méjèèjì jọ ń gbé, á di ọjọ́ kan tí mi ò ní lè wò ẹ́ lójú. Mo ti rí bí gbèsè ṣe ń bímọ. Irọ́ máa ń bí jù ú lọ."

Oníkọ́tìnnì lọ sílé pẹ̀lú ìpinnu pé ní alẹ́ ọjọ́ náà ni òun máa sọ ọ́. Alẹ́ dé, Tíṣà ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan nínú ìwé ìròyìn, ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ ba ẹ̀rín náà jẹ́. Ó fi di ọ̀la. Ọ̀la pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ gbèsè.

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá. Tíṣà jókòó lé awò ojú rẹ̀, apá awò náà kan kán. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe awò nítòsí, ó sì búra pé òun kò ní tẹ ṣọ́ọ̀bù Aláwò.

"Mi ò lè fi ojú mi sọ́wọ́ ẹni tí kò ní ojútì," ó ní.

Ó gba òwú lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, òwú kọ́tìnnì, ó fi so apá awò náà. Awò ń yẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ń gbé ìwé ìròyìn sún mọ́ imú, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì òdìkejì, ó ń kí oníwàràkàṣì ní orúkọ alágbàfọ̀. Oníkọ́tìnnì ń wò ó. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ ń gún un lọ́wọ́, ó sì ń wò ó bí ẹni pé ó tọ́ sí òun. Ó ti wá di pé bàbá rẹ̀ ń fọ́jú lọ nítorí ọ̀rọ̀ kan tí òun kò sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó gbọ́ tí nǹkan fọ́ ní pálọ̀. Ó sáré jáde. Tíṣà ti gbé ife tíì kalẹ̀ sí ibi tí tábìlì kò sí, tíì ti dà sórí àga onítìmùtìmù. Bàbá arúgbó náà wà lórí eékún, ó ń fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu àga. Ibi tí tíì kò dà sí ló ń nù.

"Mo ti ba àga rẹ jẹ́," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Àga tí o fi òógùn ojú rẹ rà. Mo máa ń sọ fún gbogbo wọn pé ọmọ mi ò yá owó, kò jẹ gbèsè, ó sì ra irú èyí fún mi. Má bínú, jọ̀ọ́."

"Bàbá, ẹ dìde."

"Màá kọ́kọ́ nù ún."

"Ẹ dìde, Bàbá mi. Kì í ṣe òógùn ojú mi."

Ó lọ gbé báàgì rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀ níbi tí tíì ti ń kán sílẹ̀, ó kó káàdì lé e lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́rin ni. Èyí ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Èyí ló ra àga yìí. Méjì yìí, àwọn ni mo fi ń bo ìdí ìyẹn. Mo jẹ gbèsè gan-an, Bàbá. Àwọn mẹ́ta tí ẹ gbọ́ lẹ́nu Aláwò, irú èyí náà ni. Káàdì ni. Kò ní obìnrin kankan. Èmi nìkan ló ní."

Tíṣà gbé ọ̀kan sún mọ́ imú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"O mọ̀ lọ́jọ́ tí mo bi ọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"Lójú ẹsẹ̀?"

"Lójú ẹsẹ̀."

Oníkọ́tìnnì ń retí kí bàbá rẹ̀ pariwo gbèsè. Ó ti gbọ́ ìwàásù náà láti kékeré, ó lè bá a kà á lórí. Tíṣà kò wàásù. Ó dìde, ó wo àga ńlá náà, ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ jókòó lórí àpótí onígi tó wà létí ilẹ̀kùn.

"Owó, wọ́n ń san án," ó ní nígbà tó pẹ́. "Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní aláìnítìjú lójú Àǹtí rẹ, ìwọ sì ń gbé tíì wá fún mi. Mo fọwọ́ kan orí rẹ. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

 Ì bá sàn fún Oníkọ́tìnnì kí bàbá rẹ̀ gbá a létí. Ó wà lórí eékún níbẹ̀ títí tíì fi tutù lára aṣọ rẹ̀.

"Mélòó lo fẹ́ mú dání?" Tíṣà bi í.

"Ọ̀kan, sà."

"Èwo?"

"Ti ẹ̀rọ ìránṣọ."

"Sísọ́ọ̀sì rẹ ńkọ́?"

Ó lọ mú un wá, èyí tó fi ń gé aṣọ tó nípọn, ó gé àwọn mẹ́ta yòókù lójú bàbá rẹ̀. Kì í ṣe pé sísọ́ọ̀sì gé gbèsè o. Gbèsè wà níbi tó wà, ó sì máa pẹ́ kó tó tán. Ẹ̀rù rẹ̀ nìkan ni kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Tíṣà wọ bàtà rẹ̀. Ó ní kó mú òun lọ.

Bí wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀bù, Aláwò fi oníbàárà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Tíṣà bọ́ awò olówùú, ó gbé e sórí tábìlì.

"Mo wá tún ojú mi ṣe," ó ní. "Ó ti bàjẹ́ tipẹ́, mi ò mọ̀. Dìde, ọmọ mi. Má bínú sí mi."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, sà."

Aláwò wo Oníkọ́tìnnì. Oníkọ́tìnnì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Aláwò yọ òwú náà, ó fi apá tuntun sí awò, ó sì gbé e wọ Tíṣà lójú. Tíṣà ṣẹ́jú. Ó wo kọ́tìnnì, ó wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wo Aláwò láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀kan yẹn ńkọ́? Ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, sà."

"O ò sì ní fi í sílẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ọmọ tèmi náà mú ọ̀kan dání. Méjì nìyẹn lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ ṣọ́ra fún orogún." Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Oníkọ́tìnnì ki káàdì rẹ̀ bọ ẹ̀rọ ìsanwó. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Oníbàárà tó ń dúró wúkọ́. Aláwò la ẹnu.

"Ẹ má bínú, ẹ̀rọ wa yìí—"

"Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan," ni Oníkọ́tìnnì wí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ọ, bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ. "Èmi ni. Mo ti ná an tán."

Tíṣà tẹ àpò òsì, ó tẹ àpò ọ̀tún. Kò mú owó wá, nítorí ó ti pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ti ń sanwó fún gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn orí Aláwò ni páálí kan wà lára ògiri, Tíṣà sì fi ojú tuntun kà á sókè: "Owó lónìí, àwìn lọ́la."  Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí awò lójú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bọ́ ọ. Kò bọ́ ọ.

"Mo jẹ ọ́ lówó," ó sọ fún Aláwò. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro jáde lẹ́nu rẹ̀. "Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn mi rí nítorí irú ẹ̀. Wá ní Sátidé. Kó o kan ilẹ̀kùn mi, kó o wá gbà á."

Ó di apá ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n sì jáde.